Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀ Àbúrò Mi

Ó ti mọ́ yín lára kí n máa bá yín sọ̀rọ̀ lórí ewì, lórí ìtàn àròsọ àti lórí àṣà wa. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo gbé wá. Mo mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí mo bá ń wakọ̀ bọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé wa, àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn a máa yà mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹ̀rín. Ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyàwó àbúrò mi, ó sì gbọ́n owó kúrò lọ́wọ́ mi.

Àbúrò mi papòdà ní ọdún 2021. Lára ohun tí ó fi sílẹ̀ ni Volkswagen Golf GTI kan, tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní ọdún 2001. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, ó ní sílíńdà mẹ́rin àti fáàfù ogún, ó sì ní tọ́bò. Ẹ̀fúùfù gbígbóná tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnì ni ó ń yí tọ́bò yìí, tọ́bò náà a sì máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì kí ó lè jó epo sí i. Agbára ẹṣin 150 ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un. Àbúrò mi rà á ní tòkunbọ̀ gba Kọ̀tọ̀nú wọlé ní ọdún 2014, kò sì pẹ́ tí ó fi ní 150 kò tó òun. Ó gbé e lọ sí Èkó. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ọpọlọ ẹ́ńjìnì náà kọ, wọ́n pààrọ̀ páìpù èéfín rẹ̀ sí èyí tó fẹ̀, wọ́n sì rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ títí tí gbogbo gegele ojú títì Ìbàdàn fi di ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n ní agbára ẹṣin rẹ̀ ti súnmọ́ 190. Àbúrò mi fi kún agbára ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n kò fi kún ti kílọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ àgbà rí yunifásítì wọ̀. Ìyàwó wa pinnu láti ta ọkọ̀ náà kí ó lè rí owó san. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Bódìjà ní ọjọ́ Àìkú kan, ó wà á yí ká Sáńgò àti Bódìjà, inú rẹ̀ sì dùn dé ẹ̀yìn. Wọ́n ná ọjà náà, ó wọ̀, ó ní òun yóò san owó rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀lé e, ọkọ̀ tèmi wà lọ́dọ̀ rewáyà, mo sì ní ìpàdé ní Ìjẹ̀bú Òde. Ìyàwó wa ní kí n mú Golf lọ. Nínú ìgboro, kò sí ohun tó ṣe é. Lórí òpópónà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ láti ya ọkọ̀ agbépo kan sílẹ̀, mo tẹná mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnì ké bí ẹni tí ejò bù ṣán, ọkọ̀ kò sì kúrò lójú kan. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà agbépo yẹn fún ìgbà tí ó dà bí odindi ọdún, ọkọ̀ mìíràn sì ń tanná sí mi lẹ́yìn. Nígbà tí mo padà sẹ́yìn agbépo, òórùn kan wọ inú ọkọ̀, bí ìgbà tí bíréèkì bá ń jó.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀, ojú ọkọ mi ni ó ń wò nígbà tí ó ń dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọkọ mi ni ó wakọ̀. Ó ní jíà bọ́ọ̀sì ti kú, kí a lọ ra òmíràn. Kò wo abẹ́ ọkọ̀, kò wà á dé ibì kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì tí ó mọ Volkswagen dunjú, tí àwọn ènìyàn ti júwe fún mi ní apá Òjóò. Òun ní tirẹ̀ gbọ́ mi tán kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé jíà wo ni mo wà, mélòó ni mo ń sá, ṣé òórùn wá ṣáájú ariwo ni àbí ariwo wá ṣáájú òórùn. Ó ní kí n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún òun di ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Bí ọkọ̀ bá ti wà ní títàn, ẹ́ńjìnì ń yí ni ṣáá. Táyà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró. Kílọ́ọ̀ṣì ni alárinà àwọn méjèèjì. Irin róbótó wíwúwo kan wà ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń pè ní fúláíwíìlì. Wọ́n fi bóòtù de irin mìíràn tí ó ní sípíríǹgì mọ́ ọn. Èyí ni pírẹ́ṣọ̀ pílétì. Láàárín wọn ni pílétì kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ wà, pẹrẹsẹ bí àwo, tí wọ́n fi ohun tí ń gbá nǹkan mú bí ti bíréèkì bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Pílétì yìí ni ó so mọ́ irin tó wọ inú àpótí jíà lọ. Bí ẹsẹ̀ wa kò bá sí lórí kílọ́ọ̀ṣì, sípíríǹgì yóò fún pílétì mọ́ fúláíwíìlì gbagba, gbogbo wọn yóò sì máa yí pọ̀ bí ẹyọ kan. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò tú u sílẹ̀.

Agbára tí pílétì náà lè gbé dúró lórí bí sípíríǹgì ṣe le tó, bí ojú pílétì ṣe ń gbá nǹkan mú tó, àti bí ojú náà ṣe jìnnà sí àárín tó. Bí ti ẹ́ńjìnì bá borí rẹ̀, fúláíwíìlì yóò máa sáré ju pílétì lọ, wọn yóò máa ha ara wọn, ooru yóò mú, pílétì yóò sì máa jẹ. Èyí ni wọ́n ń pè ní kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀.

Ẹ kíyè sí àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi láìfi àmì kankan sí i: "Kilosi n yo." Mo kà á ní yọ, mo rò pé kílọ́ọ̀ṣì ń jáde kúrò ní àyè rẹ̀ ni. Mo tún kà á ní yọ́, mo rò pé ó ń yọ́ bí òrí tí oòrùn pa ni. Mo ní láti pè é. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi mí pé kí ni àmì ohùn wà fún, ẹ gba ìdáhùn yín níbẹ̀.

Ó ní kí n wá fi ojú ara mi rí i. Kí a tó jáde, ó fi àwọn nǹkan tí òun ti yẹ̀ wò hàn mí. Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ yìí kì í lo wáyà. Ọ́ìlì ni ó ń tì í, inú ike ọ́ìlì bíréèkì kan náà ni ó sì ti ń mu. Bí ọ́ìlì bá há sínú rẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ wa wà lórí kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kílọ́ọ̀ṣì tuntun pàápàá yóò sì yọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó padà sókè tán. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó tan iná sí ibi tí ẹ́ńjìnì àti àpótí jíà ti pàdé, nítorí bí ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì bá ń jò, ọ́ìlì lè kán sójú pílétì, pílétì tó ní ọ́ìlì lójú kò sì lè gbá nǹkan kan mú. Ibẹ̀ gbẹ fúrúfúrú.

A wá bọ́ sójú márosẹ̀. Ó ní kí n wà á, kí òun jókòó ti mí. Nígbà tí ọ̀nà là, ó ní kí n fi sí jíà karùn-ún, kí n dúró sórí 80 kìlómítà láàárín wákàtí. Aago ẹ́ńjìnì ń ka ìyípo 2,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. "Màámi, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tán." Mo tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ aago ẹ́ńjìnì rọra gòkè dé 2,600, ó sì fò lọ sí 3,500 lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́rẹ́ ìyára kò tí ì kọjá 85.

Ohun tí ó ṣàlàyé fún mi níbẹ̀, ìṣirò ni. Níwọ̀n ìgbà tí a bá wà nínú jíà kan náà, abẹ́rẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ máa rìn ni. Bí ọ̀kan bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ sókè, èkejì náà gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Bí ó bá jẹ́ pé táyà ni ó ń yí lójú kan, abẹ́rẹ́ ìyára náà ìbá ti fò, nítorí ara àpótí jíà ni aago ìyára ọkọ̀ yìí ti ń mú ìròyìn tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tọ́bò ni ó bàjẹ́, ẹ́ńjìnì ìbá má lágbára láti sáré bẹ́ẹ̀. Jíà tó bàjẹ́ a máa ké, a máa fò jáde tàbí kí ó kọ̀ láti wọlé. Kílọ́ọ̀ṣì nìkan ni ó kù.

Mo bi í pé kí ló dé tí ọmọkùnrin Bódìjà kò fi mọ̀ ọ́n. Ó ní nínú jíà kìíní àti ìkejì, ọkọ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì, a ó sì ti pààrọ̀ jíà kí tọ́bò tó kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ. Nínú jíà kẹrin àti ìkarùn-ún, ẹrù wúwo, agbára yóò dé tán ní nǹkan bí 2,500 sókè, yóò sì dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì tí kò lágbára tó ti ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá fa bíréèkì ọwọ́, tó fi ọkọ̀ sí jíà kẹta, tó sì ń wò bóyá ẹ́ńjìnì yóò kú, kílọ́ọ̀ṣì tó ti kú pátápátá ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ máa ń mú. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ̀ lè yege níbẹ̀.

Bí a ṣe ń padà, ó sọ fún mi pé, "Màámi, ẹ tà á bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgboro ló ti máa wà á, ó lè lo ọdún kan kó tó mọ̀." Ènìyàn dáadáa ni mẹkáníìkì yìí, ẹ má ṣe bú u. Ohun tí gbogbo ayé ń ṣe ni ó sọ.

Mo délé, mo sọ ohun tí mo rí fún ìyàwó wa. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni. Ta ló ń ta tòkunbọ̀ tí kò ní àléébù?"

Mo ní, "Ìyàwó wa, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbépo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ yẹn náà máa ya agbépo sílẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Kò dá mi lóhùn. Mo rò pé ó ti gbà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọkùnrin náà dé. Mo wà níbẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, kí o tó sanwó, gbé e lọ sí márosẹ̀, kí o fi sí jíà karùn-ún, kí o tẹná mọ́lẹ̀ láti 80." Ó wò mí tìyanutìyanu, ó sì lọ. Nígbà tí ó padà dé, ó kí mi lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó ní òun dúpẹ́, ó ní ìdajì owó tí àwọn ná ni òun lè san báyìí. Ìyàwó wa kọ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó wa sọ sí mi lẹ́yìn èyí, n kò tí ì gbàgbé rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó mi lẹ fi ṣe olóòótọ́." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. A lo ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a kò fi gbọ́ ohùn ara wa.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. N kò gbà pé mo ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí òun ti ṣìsọ. Nígbà tó yá, mo yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́. Mo fi apá kan ránṣẹ́ sí yunifásítì ọmọ náà, mo sì mú ìyókù lọ sí Òjóò.

Ìmọ̀ràn mẹkáníìkì ni pé kí a kọ́kọ́ dá agbára ẹ́ńjìnì padà sí 150, kí a wá ra kílọ́ọ̀ṣì irú èyí tí ó bá ọkọ̀ wá. Òun ni ó dín owó kù jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tún ọpọlọ ẹ́ńjìnì náà kọ ti kó lọ sí Kánádà. Kí n má sì parọ́, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ohun tí àbúrò mi fi ṣe yangàn rẹ́. Bí a bá fi agbára náà sílẹ̀, irú kílọ́ọ̀ṣì tó bá a wá yóò tún yọ̀. Ó ní ọ̀nà kan wà tí àwọn tó ń tún Golf ṣe ti ń gbà tipẹ́: kí a mú fúláíwíìlì ti G60 àti kílọ́ọ̀ṣì ti VR6, Golf tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.8 tí ó sì ní sílíńdà mẹ́fà. Sípíríǹgì kílọ́ọ̀ṣì náà le jù, fúláíwíìlì náà sì ṣeé dè mọ́ ẹ́ńjìnì 1.8 yìí.

A lọ sí ọjà Aráròmí ní Gate. Fúláíwíìlì ni a rà ní tòkunbọ̀, nítorí irin lásán ni, ojú sì lè rí i bí ó bá sán. Kílọ́ọ̀ṣì, mẹkáníìkì mi kò gbà fún tòkunbọ̀. Ó ní ẹni tó ra pílétì tòkunbọ̀ ra ìyókù ọjọ́ ayé ẹlòmíràn. Tuntun la rà, pẹ̀lú bẹ́árìn tó ń tì í. Owó oṣù mi méjì ni gbogbo rẹ̀ gbà, pẹ̀lú owó iṣẹ́.

A wà ní ìsinmi ààrin sáà, nítorí náà mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Wọ́n yọ bátìrì àti pèpéle rẹ̀, nítorí orí àpótí jíà gan-an ni ó wà. Wọ́n tú okùn jíà méjèèjì, wọ́n yọ sítátà. Wọ́n tú ohun tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀gá sì kìlọ̀ fún ọmọṣẹ́ tó kéré jù pé kò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì mọ́, kí ohun inú rẹ̀ má baà fò jáde. Wọ́n gbé ọkọ̀ sórí irin, wọ́n tú ṣáàfù táyà ọ̀tún àti tòsì. Wọ́n fi jáàkì àti pákó gbé ẹ́ńjìnì dúró kí ó má wó, kí wọ́n tó tú ohun tó di àpótí jíà mú. Ènìyàn mẹ́ta ni ó gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ohun tí a rí níbẹ̀ kò nílò àlàyé. Ojú fúláíwíìlì ti di àwọ̀ aró káàkiri, àmì pé irin ti gbóná rékọjá ààlà, ó sì ti sán wẹ́wẹ́. Ojú pílétì ti jẹ débi pé rífẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kàn án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan irin. Fúláíwíìlì tó bá ọkọ̀ yìí wá kì í ṣe ẹyọ kan. Apá méjì ni, sípíríǹgì wà láàárín wọn tí ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì. Ọ̀gá dì í mú, ó mì í, ó ń mì pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Ti G60 tí a rà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó sọ fún mi kí n tó sanwó pé èyí yóò mú kí ọkọ̀ máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí a bá dúró láìfi sí jíà. Mo gbà.

Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jò, nítorí ta ni yóò tún gbé àpótí jíà sọ̀kalẹ̀ nítorí rọ́bà kékeré? Wọ́n fi pẹtiróòlù àti àkísà mímọ́ nu ojú fúláíwíìlì. Ọ̀gá fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ kí ó tó di pílétì mú ní etí. Wọ́n fi ọ̀pá kékeré kan mú pílétì dúró sí àárín gẹ́gẹ́, nítorí bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, irin àpótí jíà kò ní wọlé, kódà bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń tì í. Wọ́n di bóòtù pírẹ́ṣọ̀ pílétì díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn, èyí òkè, èyí ìsàlẹ̀, èyí ọ̀tún, èyí òsì, kí ó má baà tẹ̀. Ọmọṣẹ́ kan fẹ́ di ẹyọ kan tán kí ó tó kan òmíràn, ó sì gba ìfọ́tí. Mo bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ jáde. Ọ̀gá ní n kò gbọ́dọ̀ tẹná mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí 800 kìlómítà, kí ojú pílétì àti ti fúláíwíìlì kọ́kọ́ mọ ara wọn. Èyí bá mi lára mu. Mo wà á lọ sí ilé ìwé, sí ọjà, sí ìsìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ìyá tíṣà ń gun ọkọ̀ ọmọ ìta.

Nígbà tí ó pé, mo lọ kan ilẹ̀kùn ìyàwó wa. Mo ní kí ó bá mi jáde. A dé ojú márosẹ̀, a kọjá Toll Gate, mo fi sí jíà karùn-ún, 80, 2,200. Mo tẹná mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn wa lẹ̀ mọ́ ìjókòó. Mo ń wo aago: 90, 2,500, 100, 2,750. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìyàwó wa kò sọ nǹkan kan títí a fi rí ibi yí padà. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n wà á." Kò wà á rí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ.

A rí ẹni ra ọkọ̀ náà ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ní iye tí ọmọkùnrin Bódìjà ti kọ́kọ́ dá lé e gan-an, kò lé ní kọ́bọ̀. Ẹni tó rà á bi mí pé kí ni ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ bá dúró, mo sì ṣàlàyé fúláíwíìlì fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìyàwó wa fẹ́ yọ owó kílọ́ọ̀ṣì fún mi lára owó náà. Ó bi mí pé èló ni. Ìdá kan nínú mẹ́ta iye rẹ̀ ni mo dá fún un, ó sì kà á fún mi. Mo mọ̀ pé kì í ka ohun tí mo ń kọ síbí.